Máìkì láptọ́ọ̀pù mi ò gbọ́ ìlù mọ́ láti ìgbà tí mo ti bọ́ sí Windows 11

ỌmọÀyàn_Lúgbè, Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́

Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ará ilé. Mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá mọ ọ̀nà ọ̀rọ̀ yìí kó tètè dá mi lóhùn, torí àkókò ò sí lọ́wọ́ mi.

Bàbá mi wà lọ́dọ̀ mi ní Lúgbè báyìí. Ẹdẹ ni wọ́n ti wá, wọ́n wá tọ́jú ojú ní Àbújá. Ọmọ Àyàn ni wá. Ìyáàlù dùndún ni bàbá ń lù láti kékeré, wọ́n sì ti lé ní ọdún 75. Wọ́n gbé ìlù náà dání wá. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, alaalẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé la máa ń jókòó sí pálọ̀. Wọ́n á lù ú, wọ́n á sọ ohun tí ìlù wí fún mi lẹ́nu, èmi á sì máa fi Audacity gbà á sílẹ̀. Oríkì àwọn ìdílé tí bàbá tiwọn kọ́ wọn ni, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni mi ò gbọ́ rí. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n ń padà sílé.

Ẹtì tó kọjá ni mo gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí Windows 10 sí 11. Microsoft ti ní láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 àwọn ò ní máa ṣe àtúnṣe sí 10 bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ibi iṣẹ́ wa sì ní kí kálukú kúrò lórí ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá tẹ bọ́tìnì pupa nínú Audacity, ìlà á máa sá lọ gbọọrọ, kò ní sí ìgbì kankan lórí ẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Máìkì kékeré onígàgá tí wọ́n ń kọ́ mọ́ àyà ni mò ń lò. Nínú fóònù, ó ń ṣiṣẹ́.

Lánàá mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ní káàdì ohùn ti jóná, kí n mú ₦35,000 wá. Mo gbé e kúrò níbẹ̀.

ÌyáRere_Kubwa, Ọjọ́ Àìkú, 9:47 alẹ́

Ẹ bá mi kí bàbá o. Ojú á dá ṣáká.

Ẹ má san ₦35,000 fún ẹnikẹ́ni. Káàdì kì í dúró de ọjọ́ tí ènìyàn bọ́ sí Windows tuntun kó tó jóná. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Kubwa níbí, irú èyí tí wọ́n ti gbé wá bá mi láti ìgbà tí kálukú ti ń bọ́ sí 11 ti lé ní mẹ́wàá. Ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ilẹ̀kùn máìkì, bóyá Windows ti tì í. Lẹ́yìn irú ìyípadà ńlá bẹ́ẹ̀, àwọn àṣẹ kan lè yí padà, tí ápù kankan ò ní lè gbọ́ ohùn yín àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i. Nígbà mìíràn Audacity á kígbe pé òun ò rí ẹ̀rọ ṣí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni Windows máa gbé fún un, òun náà á sì máa gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀. Ó jọ pé tiyín nìyẹn.

Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ "Privacy & security", ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé "Microphone". Bọ́tìnì mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí níbẹ̀. "Microphone access" ló wà lókè, "Let apps access your microphone" ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yí i dé ibẹ̀: "Let desktop apps access your microphone". Ápù tí ẹ bá gbà láti Microsoft Store ní bọ́tìnì tirẹ̀ lókè níbẹ̀. Audacity tí ẹ gbà láti ojú ewé tirẹ̀ kò ní, abẹ́ bọ́tìnì kẹta yẹn ló fara mọ́.

Tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ lọ sí "System", kí ẹ wọ "Sound", ẹ wo abẹ́ "Input". Ẹ yan máìkì yín, kí ẹ sọ̀rọ̀ sí i, ẹ wò ó bóyá ìlà kékeré ibẹ̀ ń mì. Bí ó bá ń mì níbẹ̀ tí ti Audacity ò sì mì, a jẹ́ pé ibòmíràn ni Audacity dẹ etí sí. Ẹ tẹ "Audio Setup" nínú Audacity, ẹ tẹ "Rescan Audio Devices", kí ẹ wá tún máìkì náà yàn.

Ọmọ_SábónGàrí, Ọjọ́ Àìkú, 10:05 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ọ̀gá. Àsàlátù ni èmi máa ń gbà sílẹ̀ ní Kano níbí. Nígbà tí tèmi ṣe bẹ́ẹ̀, máìkì USB ni mo rà, mo sì bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Mo tún gba ápù kan tó máa ń wá dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà) fúnra rẹ̀, tó máa ń pààrọ̀ gbogbo èyí tó bá ti gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè gbìyànjú ẹ̀.

Bàbá_Kákúrí, Ọjọ́ Àìkú, 10:31 alẹ́

Ẹ kú ìrànlọ́wọ́, àbúrò mi ti Kano. Òótọ́ ni ti máìkì USB. Káàdì ohùn tirẹ̀ wà nínú ikùn ẹ̀, nítorí náà ohun tó bá ṣe káàdì inú láptọ́ọ̀pù ò kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, ẹ yọ ápù tó ń wá dráífà yẹn kúrò. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ohùn ṣe ní Kàdúná, àwọn kọ̀ǹpútà tí irú ápù bẹ́ẹ̀ ti gbé dráífà tí kì í ṣe tiwọn sí lórí, tí wọ́n wá ya odi pátápátá, ti kọjá kékeré. Ibi méjì péré ni mo mọ̀ tí a ti ń gba dráífà: Windows Update fúnra rẹ̀, lábẹ́ "Advanced options" níbi "Optional updates", àti ojú ewé iléeṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ẹ̀.

ỌmọÀyàn, ẹ ṣe ohun tí ÌyáRere wí kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wo irin ẹnu wáyà máìkì yẹn dáadáa, kí ẹ ka òrùka dúdú tó wà lára ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ó bá ihò kan ṣoṣo tó wà lára láptọ́ọ̀pù ayé òde òní mu, irú tí íápíìsì fóònù ń lò. Bí ó bá jẹ́ méjì, láptọ́ọ̀pù á rò pé íápíìsì lásán ni, á sì máa fi máìkì inú ara ẹ̀ gbọ́ yín láti ọ̀ọ́kán. Tẹ́lẹ̀, ápù Realtek, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ṣe káàdì ohùn inú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, lè bi yín pé kí lẹ kì bọ ihò, tí ẹ ó sì dá a lóhùn. Tí ọ́pgíréèdì bá ti gbé dráífà gbogboogbò rọ́pò ti Realtek, kò sẹ́ni tó máa bi yín mọ́.

ỌmọÀyàn_Lúgbè, Ọjọ́ Ajé, 8:55 alẹ́

Màmá ÌyáRere, kí Ọlọ́run bù kún yín. Bọ́tìnì kẹta ni! Àwọn méjì òkè wà ní ṣíṣí, èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn nìkan ló wà ní títì. Mo ṣí i báyìí, ìgbì dé. Òrùka tó wà lára wáyà, mẹ́ta ni, bàbá.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tún yọjú, èyí sì bà mí lọ́kàn jẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí bàbá bá fi ẹnu sọ̀rọ̀, ó ń dún ketekete, ó mọ́ ju ti ayé Windows 10 lọ pàápàá. Tí wọ́n bá wá mú kọ̀ǹgó, ìró ìkínní á dé, gbàm, ìkejì á fẹ́ dé, lẹ́yìn náà ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí í rì lọ bí ẹni tó ń rìn wọ inú odò. Tí wọ́n bá fún ọṣán tí ohùn ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni mò ń gbọ́, mi ò gbọ́ ibi tó parí sí. Ṣaworo tó wà létí ìlù, kò sí níbẹ̀ rárá. Ìyáàlù tí ò ní ṣaworo! Mo gbé máìkì súnmọ́ ọn, mo tún gbé e jìnnà, ibì kan náà ló wà.

Bàbá lù ú títí aago mẹ́wàá àná, wọn ò mọ̀ pé kò wọlé. Mi ò lè sọ ọ́ fún wọn.

Bàbá_Kákúrí, Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Máìkì yín gbọ́ ìlù náà. Ohun tó wà láàrin máìkì àti Audacity ló ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Windows 11 àti dráífà tó bá a wá máa ń wẹ ohùn kí wọ́n tó gbé e fún ápù. Nítorí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe dá a, kí ènìyàn lè jókòó ti fáànù tàbí jẹnẹrétọ̀ kí àwọn tó wà lódì kejì má gbọ́ ọ. Nínú ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Voice Clarity, tó jẹ́ pé ní ṣíṣí ló máa ń wà fún àwọn ápù ìpàdé. Àwọn dráífà náà ní tiwọn tó lè dé ọ̀dọ̀ ápù yòówù. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ̀rọ á máa wá ohun tó jọ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn: tó ń bẹ̀rẹ̀, tó ń dúró, tó ní kọ́ńsónáǹtì tó gé ohùn sí wẹ́wẹ́. Ohun tó bá ń dún lọ láìdúró, ariwo ló kà á sí, á sì máa fà á wálẹ̀ títí tí kò fi ní sí mọ́.

Ẹ wá wo dùndún. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ, torí etí wa ti mọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gbé. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́ńsónáǹtì nínú ẹ̀. Ohùn nìkan ni, ó sì ń dún lọ lẹ́yìn tí kọ̀ǹgó ti kúrò lórí awọ. Létí ẹ̀rọ yẹn, kò yàtọ̀ sí fáànù. Ṣaworo tiẹ̀ burú jù, torí kò sinmi. Ìdí nìyẹn tí ẹnu bàbá fi mọ́ tí ìlù wọn sì ń rì.

Ẹ padà sí "System", "Sound", ẹ tẹ orúkọ máìkì náà kí ojú ewé tirẹ̀ ṣí. Ẹ wá "Audio enhancements", kí ẹ gbé e sí "Off". Tí ápù Realtek tàbí ti iléeṣẹ́ láptọ́ọ̀pù bá wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ ṣí òun náà, ẹ pa ohunkóhun tó bá ń jẹ́ "noise suppression" tàbí "echo cancellation" níbẹ̀. Nínú Audacity, níbi "Audio Setup", ẹ yan Windows WASAPI dípò MME, ọ̀nà tí ohùn ń gbà dé Audacity ni méjèèjì. Ẹ ti gbogbo ápù ìpàdé pa pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ápù lè di máìkì mú kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó.

Ẹ má sì kọ́ máìkì yẹn mọ́ àyà bàbá, ojú ìlù á sún mọ́ ọn jù. Ẹ gbé e sórí àga ní bíi mítà kan sí wọn. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù nínú ìró máa kan nǹkan bíi -12 sí -6 lórí òṣùwọ̀n Audacity. Bí ó bá kan 0, ó ti fọ́ nìyẹn, kò sì sí àtúnṣe tó máa tò ó padà bó ṣe yẹ.

AráJos, Ọjọ́ Ajé, 10:12 alẹ́

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Fún ẹni tó bá ń ka èyí tó jẹ́ pé Ubuntu ló ń lò dípò Windows bíi tèmi: láti ẹ̀dà 22.10 ni wọ́n ti fi PipeWire rọ́pò PulseAudio tó ń darí ohùn tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ti 22.04 bọ́ sí 24.04 máa bá ìyípadà náà pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tèmi ò rí máìkì fún ọjọ́ méjì gbáko. Àṣẹ yìí ló jí i: `systemctl --user restart pipewire pipewire-pulse wireplumber`. Lẹ́yìn náà mo ṣí alsamixer, mo fi F6 yan káàdì, mo tẹ F4 kí apá tó ń gba ohùn wọlé lè hàn, mo bá ìlà rẹ̀ ní òdo. Ẹ gbé e sókè. pavucontrol náà dára fún ẹni tí ò bá fẹ́ ojú dúdú yẹn.

ỌmọÀyàn_Lúgbè, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:48 alẹ́

Ìlù ti dé! Bí mo ṣe gbé "Audio enhancements" sí "Off" báyìí ni ṣaworo bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo gbọ́ fáànù pálọ̀ wa náà nínú ẹ̀ o, mo sì pa á. A gba ohùn fún wákàtí kan àti díẹ̀.

Nígbà tí mo wá tan án padà fún bàbá láti gbọ́, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n tún un tàn. Wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló rọ ìlù mi?" Wọ́n ní òjò ló máa ń pa awọ kí ohùn ẹ̀ tó wúwo báyìí, àwọn sì ti ń kíyè sí i láti ìgbà tí àwọn ti dé Àbújá pé ọyẹ́ ibí mú awọ le ni, ó ń han gooro ju tilé lọ. Mo ní bóyá sípíkà ni. Wọ́n ní rárá, ọwọ́ àwọn pàápàá ń falẹ̀ nínú ẹ̀, àwọn kì í lu ibẹ̀ yẹn bẹ́ẹ̀.

Èmi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n bàbá kì í ṣe àṣìṣe lórí ìlù.

ÌyáRere_Kubwa, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:15 alẹ́

Bàbá ò ṣe àṣìṣe. Ohùn tó wúwo, tó tún falẹ̀ pọ̀, nọ́ńbà ló ṣì mú.

Kọ̀ǹpútà kì í gba ohùn bí omi tó ń ṣàn, ńṣe ló ń bù ú wò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹlòmíràn ń bù ú ní ìgbà 44,100, ẹlòmíràn ní ìgbà 48,000. Bí máìkì bá ń bù ú ní 48,000 tí Audacity sì kọ 44,100 sára fáìlì, nígbà tí ẹ bá tan án, ohun tó yẹ kó parí láàrin ìṣẹ́jú kan á gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn á sì lọ sílẹ̀. Ó yẹ kí Windows bá wọn ṣe ìyípadà láàrin méjèèjì, ó sì máa ń ṣe é, àmọ́ dráífà mìíràn kì í jẹ́ kó ṣe é bó ṣe yẹ.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú kan géérégé. Ẹ pàtẹ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún pàtẹ́wọ́ nígbà tó parí, ẹ gba méjèèjì sílẹ̀. Ẹ wá wo àárín àtẹ́wọ́ méjèèjì nínú Audacity. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 60, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Bí ó bá tó 65, ohun tí mo sọ ni.

ỌmọÀyàn_Lúgbè, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:34 alẹ́

Ó lé díẹ̀ ní 65. Ọlọ́run mi.

Ṣé gbogbo ohun tí a gbà lálẹ́ yìí ti bàjẹ́ ni?

ÌyáRere_Kubwa, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:41 alẹ́

Kò bàjẹ́ rárá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohùn náà pé síbẹ̀, àkọlé ara ẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ tẹ orúkọ ohùn náà ní apá òsì nínú Audacity, ẹ yan "Rate", kí ẹ gbé e sí 48000. Ẹ má lo èyí tó ń jẹ́ "Change Pitch" o, ìyẹn máa ro ohùn náà pọ̀ ni. "Rate" kì í fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ẹ̀, ó kàn ń sọ òótọ́ nípa ẹ̀ ni.

Fún ti ọ̀la, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé tí ẹ ti pa "Audio enhancements" yẹn, "Format" wà níbẹ̀, ẹ gbé e sí 16 bit, 48000 Hz. Nínú Audacity, ẹ gbé "Project Sample Rate" sí 48000. Kí ẹ tún àtẹ́wọ́ yẹn pa.

Tí gbogbo ẹ̀ bá sì kọ̀, ẹ rántí pé láàrin ọjọ́ 10 sí ìgbà tí ẹ ṣe ọ́pgíréèdì, Windows ṣì lè gbé yín padà sí 10: "System", "Recovery", "Go back". Lẹ́yìn ọjọ́ 10 kò ní sí mọ́. Èmi ò rò pé ẹ máa nílò ẹ̀.

Ará_Zuba, Ọjọ́rú, 7:02 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá wọn dá sí i. Tèmi ń gba ohùn, àmọ́ nǹkan kan ń kùn lábẹ́ ẹ̀, "hùùùn", láti òpin dé òpin. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí 11 ni.

Bàbá_Kákúrí, Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kí ẹ fi bátìrì nìkan gbà á. Bí kíkùn náà bá lọ, Windows kọ́ ni, iná ni. Iná ilẹ̀ wa ń mì ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ilé ò bá sì ní wáyà ilẹ̀ tó dára, ó máa ń gba ara ṣájà wọ inú máìkì. Ó lè jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kẹ̀, tí ọ́pgíréèdì kàn gbé ohùn máìkì sókè tí ẹ wá ń gbọ́ ọ.

Ará_Zuba, Ọjọ́rú, 7:44 àárọ̀

Mo yọ ọ́, ó dákẹ́ wẹ́lo. Ẹ ṣeun, bàbá.

Ọmọ_SábónGàrí, Ọjọ́rú, 1:16 ọ̀sán

Bàbá Kákúrí, mo ti yọ ápù yẹn kúrò, mo sì lọ gba dráífà láti ojú ewé iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ mi. Ihò máìkì tó ti kú lára láptọ́ọ̀pù mi láti bí oṣù mẹ́ta ti jí. Ẹ ṣeun.

ỌmọÀyàn_Lúgbè, Ọjọ́ Ẹtì, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé ni. Bàbá ti wọkọ̀ ní gáréèjì ní aago méje àárọ̀ òní, èmi sì lọ síbi iṣẹ́ láti ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbúròó mi.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà mo gbé "Rate" sí 48000. Mo jí bàbá lójú oorun, mo gbé íápíìsì sí wọn létí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìka wọn ló kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lu orí ibùsùn, ó sì ń bá ìlù inú ẹ̀ lọ géérégé. Mo mọ̀ pé ó ti bọ́ sí i.

Lọ́jọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, a pa fáànù, a yọ ṣájà, a gbé máìkì sórí àga bí bàbá Kákúrí ṣe wí, a sì gba èyí tó kù. Àwọn tó rì lálẹ́ Ajé yẹn, bàbá tún wọn lù láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wá jẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n ní kí n má dààmú, pé ìlù kì í sú àwọn.

Fáìlì 43 ni gbogbo ẹ̀, WAV ni mo fi gbogbo wọn pamọ́ sí. Mo kọ orúkọ ìdílé tó ni oríkì kọ̀ọ̀kan sára fáìlì tirẹ̀. Ẹ̀dà kan wà lórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan wà lórí fláàṣì nínú àpótí mi. Ẹ̀kẹta bá bàbá lọ sí Ẹdẹ, nínú àpò ìlù.